Ibi ìgbọ́kọ̀sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé gbígbé: àlàfo gbígbòòrò ni ká béèrè, àbí ògiri?

Mítà 6 koríko lásán, àbí mítà 2 tó ní ògiri búlọ́ọ̀kù? Ìbéèrè tó máa ń délẹ̀ nìyí nígbà tí ẹnì kan bá fẹ́ ṣe ibi ìgbọ́kọ̀sí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé táwọn èèyàn ń sùn sí. Ní ọ̀pọ̀ ibi, òfin ìlò ilẹ̀ máa ń sọ iye mítà tí ọ̀dà tàbí kọnkéré gbọ́dọ̀ fi jìnnà sí ààlà, ìyẹn ohun táwọn sọ̀fẹ́yọ̀ ń pè ní sẹ́tíbáàkì. Ìlú kan lè ní kó jẹ́ mítà 1.5, òmíràn 3, òmíràn 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iye yìí làwọn èèyàn máa ń dì mú tí ìjà bá dé. Lójú tèmi, iye mítà nìkan kọ́ ni kókó. Ohun tó dúró nínú àlàfo náà, àti ibi tí imú ọkọ̀ kọjú sí, ló ń pinnu bóyá ará ilé kejì máa rí oorun sùn.

Bó sì ṣe sábà máa ń rí ni pé ẹni tó ni ilẹ̀ á lọ bá àwọn aláṣẹ ètò ìlú pé kí wọ́n jẹ́ kóun dín àlàfo kù, òun á mọ ògiri dípò. Àwọn aládùúgbò á fárí gá, wọ́n á ní wọ́n fẹ́ rẹ́ àwọn jẹ. Nígbà míì, òótọ́ ni. Nígbà míì sì rèé, àbá yẹn gan-an ló dáa fún wọn ju mítà 6 koríko tí wọ́n ń jà fún. Ohun tí mo fẹ́ ṣe ni kí n gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kẹ́ni tó fẹ́ mú ọ̀kan lè mọ ohun tó ń mú.

Ọ̀nà mẹ́rin ló wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́ ni àlàfo tóóró, bíi mítà 1.5 sí 2, pẹ̀lú ògiri tó dí gbọingbọin. Èkejì ni àlàfo gbígbòòrò tí koríko nìkan wà níbẹ̀, mítà 6 sókè. Ẹ̀kẹta ni àlàfo bíi mítà 3 sí 5 tí wọ́n gbin igi àti igi ọgbà sí, tí kò sí ògiri. Ẹ̀kẹrin ni àdàlú: mítà 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀, ògiri nídìí ààlà, igi láàárín ògiri àti ọkọ̀. Àwọn kan tún máa ń fi ilẹ̀ ṣe òkìtì gbọọrọ dípò ògiri, ó dáa gan-an, ṣùgbọ́n ó ń gba ilẹ̀: òkìtì tó ga ní mítà 1.5, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì sì rọra dagẹ̀rẹ̀ débi tí koríko á fi lè dúró lórí rẹ̀, á gba bíi mítà 9 ní ìbú. Ibi tí ilẹ̀ bá ti pọ̀ nìkan ló ti ṣeé sọ.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí iye mítà kankan, ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti wọ̀n ọ́n

Ibí yìí làwọn èèyàn ti máa ń pàdánù láìmọ̀. Àlàfo mítà 1.5 lè bẹ̀rẹ̀ láti etí ọ̀dà, ó lè bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí búlọ́ọ̀kù tó ń dá táyà dúró wà. Ọ̀tọ̀ ni méjèèjì. Tí táyà iwájú bá kan búlọ́ọ̀kù yẹn, bọ́ńpà ọkọ̀ á ṣì yọ kọjá rẹ̀, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀. Nítorí náà, bí wọ́n bá fi etí kọnkéré ṣe ibi tí táyà ń dúró, mítà 1.5 tó wà nínú ìwé á di sẹ̀ǹtímítà 90 lórí ilẹ̀. Igi tí wọ́n bá gbìn síbẹ̀, bọ́ńpà á máa fọ́ ọ lẹ́ka, ooru ẹ́ńsìnnì á máa gbẹ ewé rẹ̀, kò sì ní pẹ́ tó máa kú. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú àwòrán pé bọ́ńpà ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Gbólóhùn kékeré ni, ṣùgbọ́n ó lérè ju mítà kan tí wọ́n fi kún un lọ.

Ariwo

Ariwo ibi ìgbọ́kọ̀sí kò dà bíi ti títì. Ti títì ń hó lọ bákan náà. Ti ibi ìgbọ́kọ̀sí máa ń já luni lójijì ni. Ilẹ̀kùn ọkọ̀ tí wọ́n pa gbà, alámù tó ṣàdédé ké, awakọ̀ tó jókòó sínú ọkọ̀ tó ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ́ńsìnnì láìlọ síbì kankan, àwọn ọ̀rẹ́ tó ti dágbére tán tí wọ́n tún fẹ̀yìn ti ọkọ̀ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìtàn mìíràn. Irú ariwo òjijì bẹ́ẹ̀ ló ń jí èèyàn lójú oorun.

Ariwo tó bá ti ojú kan wá máa ń fi nǹkan bíi désíbẹ́ẹ̀lì 6 (òun ni wọ́n fi ń wọn bí ariwo ṣe pọ̀ tó) rọlẹ̀ nígbàkigbà tí jíjìnnà wa sí i bá di ìlọ́po méjì. Ó dùn ún gbọ́, àfi tí ẹ bá ṣírò rẹ̀. Ká ní fèrèsé iyàrá jìn sí ààlà ní mítà 5. Tí àlàfo bá jẹ́ mítà 1.5, ọkọ̀ tó sún mọ́ jù á wà ní mítà 6.5 sí etí ẹni tó sùn. Ẹ wá jà fitafita, wọ́n sọ àlàfo di mítà 3. Ọkọ̀ wà ní mítà 8 báyìí. Èrè tí ẹ jẹ nínú ìjà yẹn kò tó désíbẹ́ẹ̀lì 2, etí èèyàn kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lè dá a mọ̀.

Ẹ wá wo ògiri. Tó bá ga tó débi pé ẹni tó dúró lójú fèrèsé kò rí ọkọ̀ mọ́, á gba bíi désíbẹ́ẹ̀lì 5 lójú ẹsẹ̀. Mítà kọ̀ọ̀kan tó bá fi ga jù bẹ́ẹ̀ lọ á tún fi nǹkan bíi 1.5 kún un. Kí àlàfo lásán tó lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn fún fèrèsé tí mo sọ, ẹ máa nílò kí ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jìnnà ní ìlọ́po méjì ibi tó wà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ ẹ má tètè lé ẹni tó mú àbá ògiri wá.

Ṣùgbọ́n ògiri wo? Ògiri tó wúwo, bíi kílò 20 ó kéré tán fún mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan, tí kò ní ihò, tó sì kanlẹ̀. Búlọ́ọ̀kù ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Fẹ́ǹsì pákó náà lè ṣe é tí pákó bá nípọn tí wọ́n sì gbé wọn lé ara wọn létí. Èyí tí ìmọ́lẹ̀ ń yọ láàárín rẹ̀, ariwo ń yọ níbẹ̀ náà. Fẹ́ǹsì wáyà tí wọ́n ta aṣọ tàbí ike mọ́, ojú ló ń dí.

Igi ọgbà ni wọ́n fi ń tan aládùúgbò jù. Wọ́n á yà á sínú àwòrán, ewé á tutù yọ̀yọ̀, wọ́n á ní ó máa gba ariwo. Kí igbó tó dín désíbẹ́ẹ̀lì 10 kù, ó gbọ́dọ̀ nípọn ní nǹkan bíi mítà 60, kó sì dí látòkè délẹ̀. Ìlà igi kan ṣoṣo nínú àlàfo mítà 3, bí ẹni ń fi apẹ̀rẹ̀ gbọ́n omi ni tó bá di ti ariwo. Ó ní iṣẹ́ míì tó ń ṣe dáadáa. Màá dé orí rẹ̀.

Ibì kan wà tí ògiri náà ti ń kùnà o. Tí iyàrá ìsùn bá wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ògiri mítà 2 kò dí fèrèsé yẹn rárá, ariwo á gba orí rẹ̀ kọjá. Fún irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ògiri ra àlàfo lọ́wọ́ yín. Jíjìnnà, àkókò tí wọ́n fi ń ṣí, àti irú ọkọ̀ tí wọ́n gbà láyè síbi tó sún mọ́ yín jù ló kù tẹ́ ẹ lè béèrè. Ẹ sì rántí pé ògiri tó tẹ́jú lè dá ariwo padà sí ẹni tó wà ní òdìkejì, tó bá jẹ́ pé ilé wà níhà méjèèjì.

Iná

Ti iná rọrùn ju ti ariwo lọ. Iná iwájú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kéékèèké kò ga ju bíi sẹ̀ǹtímítà 60 sí 90 lọ sílẹ̀. Ti àwọn ọkọ̀ ńlá ga jù bẹ́ẹ̀. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ògiri mítà 1.5 á dá gbogbo rẹ̀ dúró, koríko mítà 6 kò sì ní dá ìkankan dúró. Ọkọ̀ tó wọlé ní òru, tó kọjú sí ààlà, á tan iná sára ògiri iyàrá bíi pé ọ̀sán ni, yálà ó jìnnà ní mítà 6 tàbí 10.

Tí ibi ìgbọ́kọ̀sí bá ga ju àgbàlá ilé lọ, láti ojú ọ̀dà ni kí wọ́n ti wọn gíga ògiri, kì í ṣe láti inú àgbàlá. Mo ti rí àwòrán tí ògiri rẹ̀ ga ní mítà 2 lójú ẹni tó wà nínú àgbàlá, àmọ́ tó jẹ́ pé sẹ̀ǹtímítà 80 péré ló yọ lókè níhà ibi tí ọkọ̀ wà. Gbogbo iná ló ń gba orí rẹ̀ kọjá.

Ohun tó tún dáa ju ògiri lọ, tí kò sì ná ẹnikẹ́ni lówó, ni kí wọ́n yí ìlà ọkọ̀ padà kí imú rẹ̀ má kọjú sí ilé. Bí ìlà ọkọ̀ bá tò lọ ní ọ̀nà kan náà pẹ̀lú ojú fèrèsé dípò kó dojú kọ ọ́, ìṣòro iná ti tán ìdajì. Àwọn kan máa ń ní kí àwọn awakọ̀ máa fi ẹ̀yìn wọlé. Iná á lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n èéfín ló máa kọjú sí fẹ́ǹsì, aago ọkọ̀ tó ń fẹ̀yìn rìn á sì máa dún. Èmi ò ní gbà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ iyàrá.

Ní ti òpó iná, kí òpó pọ̀ kó sì jẹ́ kúkúrú dáa ju kó jẹ́ òpó gíga bíi mélòó kan péré lọ níhà ilé gbígbé. Bí òpó bá ṣe ga tó ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣe ń tàn kálẹ̀ tó. Ẹ béèrè fún gílóòbù tí wọ́n bo lórí àti ní ẹ̀gbẹ́, tó jẹ́ pé ilẹ̀ nìkan ló ń tàn sí, àti àwọ̀ iná tí kò ju 3000 Kelvin lọ, ìyẹn èyí tó pọ́n díẹ̀. Iná funfun gbòò tó ń ta sójú kò mú ibẹ̀ láàbò jù. Òjìji dúdú ló ń dá sílẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀.

Omi

Tó bá jẹ́ ti omi, ọ̀rọ̀ yí padà pátápátá: àlàfo tóóró ológiri ló máa ń kùnà, ewéko ló ń borí.

Mìlímítà òjò kan lórí mítà onígun mẹ́rin kan jẹ́ lítà omi kan. Ibi ìgbọ́kọ̀sí tó fẹ̀ tó mítà onígun mẹ́rin 800, tí òjò mìlímítà 50 bá rọ̀ sí i, omi lítà 40,000 ló gbà. Ọ̀dà kì í mu omi. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀ ló máa ṣàn lọ síbi tí ilẹ̀ dagẹ̀rẹ̀ sí, pẹ̀lú epo ẹ́ńsìnnì àti ìdọ̀tí táyà. Ká ní ilé yín ló wà nísàlẹ̀, kí ni mítà 1.5 máa ṣe sí i? Ògiri tí kò ní ihò omi á sé e títí tí á fi wúwo sí ògiri náà lára, tí ó sì lè bì í lulẹ̀. Ògiri tó ní ihò omi sì rèé, àgbàlá yín ló ń da á sí.

Àlàfo mítà 3 sí 5 tí wọ́n gbẹ́ kòtò gbọọrọ tí kò jìn sí, tí wọ́n gbin koríko sínú rẹ̀, á gba púpọ̀ nínú omi yẹn, á jẹ́ kó wọ ilẹ̀, èyí tó bá kù á gba inú gọ́tà lọ. Àṣìṣe kan wà tó wọ́pọ̀ níbí: wọ́n á ṣe kòtò tó dáa, wọ́n á wá fi etí kọnkéré yí ọ̀dà ká láìdá ojú ibì kankan sí, omi á sì gba ẹ̀gbẹ́ kòtò náà kọjá lọ síbòmíì. Ẹ rí i pé etí kọnkéré náà ní ẹnu tó ṣí lójú ibi mélòó kan. Bákan náà, koríko tó ga ju ojú ọ̀dà lọ kò lè gba omi ọ̀dà. Inú rẹ̀ ló yẹ kó rẹlẹ̀.

Tí ilẹ̀ yín bá ga ju ibi ìgbọ́kọ̀sí lọ, ẹ lè fo gbogbo apá yìí.

Ooru, igi àti àwọn kọ̀rọ̀

Ọ̀dà lójú oòrùn lè gbóná dé ìwọ̀n 60 Celsius tàbí jù bẹ́ẹ̀. Koríko kò gba ooru yẹn kúrò lára ilé, òjìji ló ń gbà á. Igi tó máa ń ní òjìji gidi nílò ìbú ilẹ̀ tó tó mítà 2.5 sí 3; nínú àlàfo mítà 1.5, gbòǹgbò rẹ̀ á máa wá ọ̀nà, ògiri ló sì máa kọ́kọ́ gbé sókè. Ẹ tún fi sọ́kàn pé igi ọgbà tí wọ́n gbìn lónìí máa gba ọdún mélòó kan kó tó dí. Láàárín ìgbà yẹn, kò sí ìbòjú.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ògiri méjì yìí dáadáa. Tí ilé yín bá ti ní fẹ́ǹsì tẹ́lẹ̀, tí onílẹ̀ wá mọ ògiri tirẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 60 sí i, kọ̀rọ̀ kan á wà láàárín tí kò ní olúwa. Ìdọ̀tí á kún ibẹ̀, eku á bí síbẹ̀, ọmọ ìta á sì mọ ọ̀nà ibẹ̀ ju onílé lọ. Yálà kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé pé ògiri kan ṣoṣo ló máa wà lórí ààlà, tí ẹ̀yin méjèèjì jọ ń lò, tàbí kí àlàfo láàárín méjèèjì fẹ̀ tó ohun tí èèyàn lè wọ̀ láti gbá. Ohun tó wà láàárín ìwọ̀nyẹn kò dáa fún ẹnikẹ́ni.

Lẹ́nu ọ̀nà àbájáde, ògiri gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ sí nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 90 kó tó kan ojú títì, kí awakọ̀ lè rí ọmọ tó ń sáré bọ̀. Ògiri gíga tó lọ tààrà dé títì dáa fún ariwo, àmọ́ ó lè pa èèyàn.

Kí ló ń ná onílẹ̀?

Ó yẹ kí aládùúgbò náà mọ èyí, nítorí òun ló ń jẹ́ kéèyàn mọ ibi tí wọ́n lè gbà fún un. Ká ní ààlà gùn ní mítà 50, àlàfo sì kúrò ní 1.5 ó di 4.5. Ilẹ̀ mítà onígun mẹ́rin 150 ló lọ yẹn. Ọkọ̀ kan, pẹ̀lú ìpín tirẹ̀ nínú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yí ọkọ̀, máa ń gba nǹkan bíi 25 sí 30. Ọkọ̀ 5 tàbí 6 ni onílẹ̀ pàdánù. Lórí ilẹ̀ kékeré, ìyẹn lè pa gbogbo iṣẹ́ náà; lórí ilẹ̀ tó ń gba ọkọ̀ 200, kò já mọ́ nǹkan kan, ẹni tó bá sì ń ké pé wọ́n pa òun ń ṣe eré ni.

Èwo ni kẹ́ ẹ mú?

Ibi ìgbọ́kọ̀sí ọ́fíìsì tó ń ṣí láàárọ̀ tó sì ń tì nírọ̀lẹ́: ẹ má fi agbára ṣòfò lórí ògiri. Àlàfo mítà 3 tó ní igi àti kòtò omi ti tó, ó sì máa ń rẹwà ju ògiri tí ẹ máa kọjú sí lójoojúmọ́.

Ilé ìtajà tàbí ibi àríyá tó ń ṣí wọ inú òru, tí ilé yín sì jẹ́ ilé ilẹ̀: ògiri ni kẹ́ ẹ mú, kódà bó bá jẹ́ mítà 2 péré ni àlàfo, tí omi kò bá ṣàn síhà yín. Tí omi bá ń ṣàn síhà yín, àdàlú nìkan ló kù, ẹ má gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ẹ bá ń sùn lókè, ẹ béèrè fún àlàfo gbígbòòrò, kí ẹ sì béèrè pé kí wọ́n ti ìlà ọkọ̀ tó sún mọ́ yín pa láti aago 10 alẹ́. Ìlà kan tí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n dí lóru ń ṣe iṣẹ́ àlàfo, kò sì gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lọ́sàn-án. Ó yà mí lẹ́nu pé àwọn èèyàn kì í béèrè fún un.

Ibi tí ọkọ̀ akẹ́rù ti ń já ẹrù: kò sí èyí tó dáa nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kódà bí àlàfo bá jẹ́ mítà 6. Ẹ ní kí wọ́n gbé ibi ìjáẹrù àti àpótí ìdọ̀tí lọ sí ìhà kejì, kí ilé tí wọ́n ń kọ́ fúnra rẹ̀ jẹ́ ògiri láàárín yín.

Koríko lásán gbígbòòrò, tí mo fi sí ipò kejì lókè yẹn, mi ò tíì rí ibi tí mo ti lè ní kí ẹnikẹ́ni mú un. Kò gba ariwo tó bó ṣe fẹ̀ tó, kò dá iná dúró, omi tó sì ń mu kò tó ti kòtò. Ohun kan ṣoṣo tó dáa níbẹ̀ ni pé wọ́n ṣì lè gbin nǹkan sí i lọ́jọ́ iwájú, bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n lè da ọ̀dà bò ó.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé inú ìwé àṣẹ ni gbogbo ohun tí ẹ bá fẹnu kò sí gbọ́dọ̀ wà, kì í ṣe nínú lẹ́tà ìlérí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ gíga ògiri àti ibi tí wọ́n ti wọ̀n ọ́n, gíga igi lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbìn ín, ẹni tó ń bomi rin ín, àti iye oṣù tí wọ́n ní láti fi òmíràn rọ́pò èyí tó bá kú. Ẹ sì jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ pé ògiri gbọ́dọ̀ dúró kí ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó wọlé; ọ̀dà ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dà, ògiri á wá di ọ̀rọ̀ ọ̀la.